Ológbò Forí Gbá Òpó

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọlọ́mọ àtẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, kó yáa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó má baà jóná, torí ìtàn yìí dùn, ó sì wúlò.

Ìyá kan wà tó ń ránṣọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ilé bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin àdúgbò. Bó ṣe máa ń fò mọ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ológbò. Kóòṣì ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń kọ́ wọn. Kí obìnrin yìí tó dé, ilẹ̀ ni Ológbò máa ń wò tó bá ń sọ̀rọ̀. Ní báyìí, tó bá rẹ́rìn-ín nílé, wọ́n á gbọ́ ọ ní títì!

Kóòṣì ti kọ́ wọn ní àṣà kan: ẹni tó bá ṣubú, kó dìde, kó pàtẹ́wọ́, káwọn yòókù lè mọ̀ pé kò sí nǹkan.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbá àṣekágbá, Ológbò ti pápá dé nírọ̀lẹ́.

“Màámi, ṣé ẹ ti rán nọ́ńbà mọ́ aṣọ mi?”

“Mo ti rán an.”

Ó mu omi tán. “Màámi, ṣé ẹ ti rán nọ́ńbà mọ́ aṣọ mi?”

“Àbí o fẹ́ kí n rán an mọ́ ọ lẹ́yìn ni?”

Ọmọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ló bá di orí mú. Ó sáré jáde, ó bì.

“Kí ló dé?”

“Mo forí gbá òpó ilé bọ́ọ̀lù ni. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo pàtẹ́wọ́. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Kóòṣì. Wọn ò ní jẹ́ kí n gbá bọ́ọ̀lù lọ́la.”

Ọkàn ìyá pín sí méjì. Ta ni kò fẹ́ kí ọmọ òun gbayì? Ó wo aṣọ tó rán, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ tó rẹ̀ wálẹ̀.

“Bínú sí mi tó o bá fẹ́,” ló wí. “Ọsibítù yá.”

Ojú ọ̀nà ló ti pe Kóòṣì.

Dókítà yẹ ọmọ wò dáadáa. “Ọpọlọ rẹ̀ ló mì nínú agbárí. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde, orí ò wú, àmọ́ inú lọ́hùn-ún lọ̀rọ̀ wà. Tó bá tún forí gbá nǹkan, ó lè burú ju èyí lọ. Kó sinmi, kó má sì gbá bọ́ọ̀lù títí a ó fi sọ pé ó ti yá.”

Ológbò bú sẹ́kún. Kóòṣì, tó ti sáré dé bá wọn, jókòó tì í, ó gbá a mọ́ra.

“Èmi ni kó o bínú sí. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó o fi àtẹ́wọ́ bo ìrora mọ́lẹ̀.”

“Ẹ ò ní yọ mí nínú ẹgbẹ́?”

“Ta ló ń yọ Ológbò? Wọ́n á tún ṣe ife ẹ̀yẹ mìíràn. Orí rẹ ńkọ́, ọjà wo la ti máa rí òmíràn rà?” Ó yíjú sí aránṣọ. “Ìyá Ológbò, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò gbọ́ tirẹ̀.”

“Ẹ pè mí ní Ìyá Ẹkùn. Ológbò kì í lágídí tó báyìí!”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n na ẹgbẹ́ Ológbò nínú àṣekágbá náà. Ológbò ń sinmi nílé nínú yàrá tí wọ́n ta aṣọ bo fèrèsé rẹ̀, ló bá gbọ́ orin wúyẹ́wúyẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ló dé! Nítorí dókítà ò fẹ́ ariwo, ètè ni wọ́n fi ń kọrin:

*Ẹni tó ṣubú, jókòó o,*
*Jókòó, ọ̀rẹ́ mi.*
*Nawọ́ sókè ká rí ọ o,*
*À ń bọ̀ wá gbé ọ.*

“Àṣà wa tuntun nìyẹn,” ni Kóòṣì wí.

“Ta ló ṣọ́lé?” ni Ológbò bi wọ́n.

“Èmi ni,” ni ọmọ gíga gbọ̀ngbọ̀nràn kan nínú wọn dáhùn. “Mo dijú, bọ́ọ̀lù wọlé.”

“Máa wá síbí. Màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lajú.”

Ìyá aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ọmọ bá forí gbá nǹkan lórí pápá, ẹ mú un kúrò níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá ń bì, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú ń ṣú u, tó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, tàbí tó kàn ń sùn ṣáá, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá. Ẹ má fún un lóògùn tí dókítà ò mọ̀ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ leré, ẹ jẹ́ kí ọmọ lè sọ fún yín pé, “Ó ń dùn mí.” Akíkanjú lẹni tó sọ ọ́.

Ìyá aránṣọ bu ìrẹsì àti ẹ̀wà fún gbogbo wọn. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jáde. Kálukú gba ilé rẹ̀ lọ, ikùn kún, ọkàn balẹ̀.