Wọn Ò Rí Ibi Tí Àrùn Náà Ti Bẹ̀rẹ̀

Ta ni ì bá rẹ́ irun àgùntàn létí odò Darling, ní Australia, tí kò ní mọ Clem Hargrave? Ọwọ́ rẹ̀ yá bí iná ọyẹ́. Ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Èébú láàárọ̀, bíà lálẹ́.

Kókó kan yọ lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó ní àgbò ló ta òun nípàá, bí ó ti máa ń ṣe àwọn arẹ́run, kò sì kà á sí. Àṣé jẹjẹrẹ ni! Wọ́n gé e kúrò, wọ́n ní ibòmíràn nínú ara ló ti ràn débẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n wo inú, wọ́n wo awọ ara, wọn ò rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó lè má padà mọ́," ni dókítà wí. "Ó sì lè padà."

Ọdún mẹ́wàá kọjá, Clem ò kú. Àwọn èèyàn ń kí i kú oríire. Wọn ò mọ̀ pé bó bá wúkọ́ báyìí, àyà rẹ̀ á já. Ó ń bẹ̀rù ikú, ó sì ń bẹ̀rù ohun tó wà lẹ́yìn ikú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ fi ọtí ri ẹ̀rù náà, àṣé òmùwẹ̀ ni ẹ̀rù.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Thora, opó tó ń se oúnjẹ fún àwọn arẹ́run, ń gbé tíì bọ̀ wá sí abà ìrẹ́run. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí obìnrin á kígbe, kí àwọn yòókù lè gbé èébú mì.

"Pẹ́pẹ́yẹ wọ odò o!" ni Clem ké. Gbogbo ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹlẹ́tàn ni yín! Clem, lọ́jọ́ tí Olúwa bá ń bọ̀, ta ni yóò ké e fún ọ?"

Clem sún mọ́ ọn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀. Wọn ò rí gbòǹgbò àrùn mi."

"Ti ara ni wọn ò rí, ọmọ mi. Ti ẹ̀ṣẹ̀, inú ọkàn rẹ ló wà, ìwọ náà mọ̀. Jésù nìkan ló lè fà á tu."

Clem kúnlẹ̀ lórí pákó tí ọ̀rá irun àgùntàn mú kí ó máa yọ̀, lójú àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ti ń bú látọjọ́ yìí. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Gbà mí!"

Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Àyà rẹ̀ ṣì ń já díẹ̀ bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ẹni tí òun ń lọ bá bí ikú bá dé.

Ìwọ tó ń kàwé yìí ńkọ́? Ara rẹ le koko, o ò ní kókó kankan. Ó dáa. Ta ló wá sọ fún ọ pé tìrẹ ni ọ̀la? Ọlọ́run fún Clem láyè kó lè ronú pìwà dà, ó sì fún ìwọ náà ní òní. Má dìde níbi tí o jókòó sí láì tíì ké pè é.