Ìjókòó Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Gbénró

Ọkọ̀ wa ń sọ pé kí ẹnì kan de bẹ́líìtì, ẹni náà kò sì sí nínú ọkọ̀. Dámilárá ọmọ mi nìkan ló jókòó sẹ́yìn, lápá òsì, ó sì ti de tirẹ̀. Apá ọ̀tún ṣófo. Síbẹ̀ iná pupa kékeré ń tàn níwájú Gbénró, ọkọ mi, agogo ń dún, ó ní ẹni tó wà lápá ọ̀tún kò tíì de bẹ́líìtì.

"Sẹ́nsọ̀ ló ń ṣe wèrè, Ìyá Dámi," ni Gbénró wí fún mi láti ojú fèrèsé ọkọ̀. "Máà dá a lóhùn."

Èmi kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Kí n má purọ́, obìnrin ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí òun àti Dámilárá ti ilé ìwé dé nírọ̀lẹ́, mo yẹ ìjókòó náà wò, mo wá irun, mo fimú wá òórùn lọ́fínńdà. N kò rí ọ̀kankan. Òórùn obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ni mo gbọ́, Gbénró kì í sì í jẹ obì. Kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti wé jọ síwájú, bí ìgbà tí èèyàn fi gìgísẹ̀ tì í. Mo tẹ́ ẹ dáadáa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún ti wé jọ.

Jíìpù olówó ńlá ni, irú èyí tí àwọn aládùúgbò wa ní Ẹ̀sítéètì Ìbà máa ń dúró wò. Kútọnù ni Gbénró ti rà á. Bíréèkì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọpọlọ bíréèkì ló máa sọ fún táyà pé kó dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí Gbénró ń gbé Dámilárá lọ sí ilé ìwé ní Ojo, ọpọlọ yẹn dákẹ́. Òkìtì iyanrìn tí àwọn tó ń kọ́lé dà sẹ́bàá ọ̀nà ló gbà wọ́n sílẹ̀. Oyèbámijí, mẹkáníìkì wa ní Okokomaiko, yọ ọpọlọ tó kú náà, ó sì fi tòkúnbọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni agogo ti ń dún.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró. Bó bá ti kọjá Ìyànà Ìbà, tó kù díẹ̀ kó dé iwájú fọkanáísà kan tó ń lẹ táyà, á rọra fà sẹ́yìn, á dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún gbà láti lọ. Mo tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kan kí n lè fojú ara mi rí i. Bí a ti dé ibẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ Gbénró. Kò tẹ nǹkan kan, ọkọ̀ sì ń dúró. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, gìdì. Ẹsẹ̀ Dámilárá kò tíì kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè bojú wẹ̀yìn.

A gbé ọkọ̀ padà lọ bá Oyèbámijí. Ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó títí, ó pa á dé.

"Ó pé," ni ó wí. "Kò sí àléébù kankan."

Kò wo ojú wa nígbà tó ń sọ ọ́. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Lọ́jọ́ kejì mo dá nìkan padà lọ bá a.

"Ọ̀gá Oyè, inú ọkọ̀ ta lẹ ti yọ ọpọlọ yẹn?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Màdáámú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Ọkọ̀ Alájì Tàjùdíìnì ni, onílé kan ní Ojo. Tírélà ni wọ́n kọlù. Dírẹ́bà yè é. Alájì tó jókòó sẹ́yìn ni ò yè é."

"Níbo ni wọ́n ti kọlù ú?"

"Ní Ìyànà Ìbà lọ́hùn-ún. Iwájú fọkanáísà yẹn."

Ọ̀dọ̀ Fáòsíátù, ìyàwó Alájì, ni mo gbà lọ. Ìyá àgbà tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi bo ẹnu rẹ̀.

"Apá ọ̀tún, lẹ́yìn?" ni ó béèrè. "Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí, táá máa jẹ obì. Bí dírẹ́bà bá ti ń sáré, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni pé bíréèkì wà níbẹ̀. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Ó ní nílé àwọn, bí èèyàn bá kú sójú ọ̀nà, àwọn ẹbí á lọ síbi tó ti ṣubú, wọ́n á fi orúkọ àbísọ pè é pé kó jẹ́ ká relé, kó má baà dúró síbẹ̀.

"A lọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ lọ kí á tó débẹ̀. Ojú ọ̀nà làwọn ẹbí rẹ̀ ti pè é, òun sì wà nínú ọkọ̀." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ sí i. "Ó ń wá sójú àlá mi. Ó ní ó ti rẹ òun, pé òun ò lè gbé ẹsẹ̀ kúrò."

Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun wá pè é. Mo gbà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ ọmọ mi ni mo rò jù. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, kí òkú máa bá a jókòó lọ sílé ìwé!

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, nígbà tí Gbénró ń sùn, Fáòsíátù wá sílé wa. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ó dì í mú bí ẹni ń dúró de àgbà. Ó wá pe orúkọ tí kò pè rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ.

"Tàjùdíìnì, ilé yá. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ ti ṣe é tó."

Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ gbéra sókè díẹ̀, bó ti máa ń ṣe bí ẹni tó sanra bá sọ̀kalẹ̀. Fáòsíátù bú sẹ́kún. Ó na ọwọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń fa èèyàn, ó sì jáde ní géètì. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, agogo kò dún. Mo juwọ́ sí Dámilárá, mo ń rẹ́rìn-ín. Wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n lọ nígbà tí Oyèbámijí pè mí.

"Màdáámú, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá gbé ọkọ̀ yẹn jáde o."

"Wọ́n ti lọ. Kí ló dé?"

"Mo purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, òkú ni ọpọlọ yẹn. Mo rò pé kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́ torí ọkọ̀ ń dúró dáadáa. Mo fi kọ̀ǹpútà kan náà wo ọkọ̀ ẹlòmíràn lánàá, gbogbo ohun tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀, mo wá mọ̀ pé kò bàjẹ́. Ọpọlọ yẹn ti kú láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọlù tírélà. Màdáámú, n ò mọ ohun tó ń dá ọkọ̀ yín dúró."

Èmi mọ̀ ọ́n.

Mo pe Gbénró. Fóònù ń dún, kò gbé e. Kì í gbé fóònù bó bá ń wakọ̀. Mo tún pè. Wọ́n á ti máa dé Ìyànà Ìbà báyìí, níbi tí àwọn tírélà ti ń ya. Mo rántí ìyá àgbà yẹn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkàn balẹ̀ sùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú tì mí, ó tì mí gan-an. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ni mí.

Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo kọjú sí ọ̀nà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Tàjùdíìnì! Tàjùdíìnì o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà!"