Ọjọ́ Ìbí Kan, Ọmọ Méjì

"Àǹtí, mo ti ṣe é tán! Ẹ wá wò ó."

Awẹ́lẹ́wà yí ojú kọ̀ǹpútà sí àbúrò ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn kékeré kan. Àtẹ mẹ́ta ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn: ọ̀kan fún orúkọ àwọn aláìsàn, ọ̀kan fún oògùn tí ara kálukú kọ̀, ọ̀kan fún ìtọ́jú tí dókítà ní kí wọ́n gbà. Tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì á máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, bó bá ti tẹ orúkọ, ọ̀rọ̀ ẹni náà á ti inú àtẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kóra jọ sójú kan.

"Háà, ọmọ yìí! Olúwa á máa fi kún ọgbọ́n rẹ. Nọ́ńbà káàdì lo fi so wọ́n pọ̀, bí mo ṣe wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Irọ́ ni. Nọ́ńbà ọ̀pọ̀ èèyàn ò sí nínú àtẹ oògùn. Ó yẹ kó kó káàdì wọn jáde, kó máa wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́nu, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti pè é lórí fóònù: "Ṣé kọ̀ǹpútà yẹn lo máa fẹ́ ni? Gbogbo wa ti dé pápá, ìwọ nìkan là ń retí!" Awẹ́lẹ́wà bá fi orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí so wọ́n pọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá rí ẹni méjì tó bára mu, èyí tó bá kọ́kọ́ kàn ni yóò gbé jáde. Ó sáré lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó bá bàbá àgbà kan níta ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọmọdékùnrin kan.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

"Oo, ọmọ mi. Ẹ̀jìrẹ́ ló gbé mi wá. Ìkejì eléyìí wà nínú lọ́hùn-ún, ara rẹ̀ gbóná janjan. Àwọn òbí wọn rìnrìn àjò, bí wọn ò bá sì fẹnu ara wọn dárúkọ, n ò lè mọ èwo lèwo nínú wọn!" Bàbá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ò wá sí Awẹ́lẹ́wà lẹ́nu. Orúkọ bàbá kan náà. Ọjọ́ ìbí kan náà. Bó bá sọ̀rọ̀, Àǹtí á mọ̀ pé ó parọ́. Bó bá dákẹ́ ńkọ́? Bóyá ara ọmọ yẹn ò tiẹ̀ kọ oògùn kankan. Bóyá...

Ó gbọ́ ohùn Àǹtí lẹ́yìn kọ́tìnnì: "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Kò ní pẹ́ rárá."

"Àǹtí, ẹ má gún un!"

Nígbà tó fi já wọlé, abẹ́rẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan itan ọmọ náà.

"Kí ló dé? Ṣé o fẹ́ já mi láyà pa ni?"

"Irọ́ ni mo pa fún yín. Orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí ni mo fi so wọ́n. Ìbejì ni wọ́n, Àǹtí! Ó lè jẹ́ ti ìkejì rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà gbé fún yín."

Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó wá káàdì ọmọ náà jáde. Ó kà á sókè.

"Pẹnisílínì. Ara ọmọ yìí kọ pẹnisílínì. Òun gan-an ni mo fẹ́ gún fún un." Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. "Olúwa, ìwọ lo yọ wá." Lójijì, ó tún dìde. "Àwọn mìíràn ti gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí!"

Ó ń pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Awẹ́lẹ́wà dúró tì í, ó ń gbàdúrà sínú. Wọ́n ní ara àwọn le. Ti ẹni tó kẹ́yìn dún títí, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Nọ́ọ̀sì tún pè é. Ẹni náà wá gbé e.

"Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, oorun ni mo ń sùn o! Ṣé kò sí nǹkan?"

Nọ́ọ̀sì pa fóònù, ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sójú. "Orúkọ lè jọra, ọjọ́ ìbí lè jọra. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà káàdì ẹnì kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ nìkan ni. Ìkánjú rẹ àti irọ́ rẹ ìbá pa ọmọ ọlọ́mọ lónìí. Má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí mọ́ títí n ó fi ní kí o fọwọ́ kàn án."

Awẹ́lẹ́wà kúnlẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Mo gbọ́ mà. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jáde lọ bá bàbá yẹn. Mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ fún wọn ohun tí mo ṣe, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí láti dá lọ."