Ẹ̀rọ Tó Wọn Ẹ̀kọ́ Ilé

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, máa bọ̀, ẹní ṣì gba èèyàn mẹ́ta. Ẹ ká ẹsẹ̀ kò, kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ kan fi ojú ìyá arúgbó kan, Fọyèkẹ́, rí lórí òṣùpá.

Nígbà yẹn, àwọn èèyàn wa ti tẹ ìlú dó sórí òṣùpá, lábẹ́ igbá gíláàsì ńlá kan. Alẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré: ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni òkùnkùn fi ń ṣú kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi ibẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú. Inú yìnyín ni wọ́n ti ń yọ́ ọ, inú àgbá irin ni wọ́n sì ń tì í mọ́.

Awọnwà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tí mo wí yìí. Ọ̀mọ̀wé Adéṣẹ̀yẹ ló ṣe é. Ó ní ìwà ọ̀daràn kì í bá èèyàn wáyé, pé ọ̀dọ̀ ẹni tó tọ́ni dàgbà la ti ń kọ́ ọ. Wọn ò wá ju ọ̀daràn sẹ́wọ̀n mọ́. Awọnwà á tẹ́tí sí ẹni tó tọ́ ọ, á wọn ẹ̀kọ́ ilé náà. Bí kò bá péye, wọ́n á fọ gbogbo ìrántí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀daràn náà kúrò lórí rẹ̀, tónítóní, bí ẹni fọ àwo.

Ó wá kan Morẹ́nikẹ́, ọmọ-ọmọ Fọyèkẹ́. Obìnrin kan ń rọbí nílé kejì, ó ń ké òùngbẹ. Ọmọ náà ò lè gbọ́ ọ kó mójú kúrò, ló bá ṣí àgbá omi fún un láìgbàṣẹ, ìwà ọ̀daràn sì nìyẹn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í, kò jiyàn.

Ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́ gígùn náà ni Adéṣẹ̀yẹ dé pẹ̀lú ọmọṣẹ́ méjì. Ẹ̀rọ náà ò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Fọyèkẹ́ yáa gbé ẹ̀wà kalẹ̀ fún wọn, torí àlejò ni àlejò ń jẹ́. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Adéṣẹ̀yẹ bi í pé irú ọmọ wo ni Morẹ́nikẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà wà níjòókòó.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀. Ìfàsẹ́yìn ní í kángun rẹ̀. Fọyèkẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

“Èyí náà lọmọ? Ọ̀lẹ paraku. Olórí kunkun. Mi ò tiẹ̀ rí i kọ́.”

Morẹ́nikẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín. Látìgbà tó ti ń rá kòrò ló ti ń gbọ́ ọ, ìgbàkígbà tó bá sì ti gbọ́ ọ, ẹran abọ́ rẹ̀ á tóbi sí i.

Iná ara ẹ̀rọ pọ́n. Adéṣẹ̀yẹ ní ó parí, ẹ̀kọ́ ilé náà ò péye.

Baba Láníyọnu, olórí agbolé, fọ̀pá kanlẹ̀. “Adéṣẹ̀yẹ, ṣé ìyá tìrẹ yìn ọ́ lójú àlejò rí?”

Ọkùnrin náà mi orí. “Rárá, Baba. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

Ìgbà náà ni Fọyèkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú ìkòkò irin, àgbàlagbà bíi tèmi, tó ń ka ìwà rere ọmọ rẹ̀ fún un. Ó ní ọmọ yìí kì í jẹun kí òun tó jẹ. Ó ní, “Èmi ni mo kọ́ ọ pé a kì í fi omi du ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.”

Adéṣẹ̀yẹ wolẹ̀. “Ìyá, ohun tí ẹ̀rọ sọ náà nìyẹn. Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ìwà ọ̀daràn náà.”

Gbogbo alẹ́ òṣùpá náà ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, nínú ilé Fọyèkẹ́ gan-an, òun ló sì ń se oúnjẹ fún wọn. Lónìí, ọmọ á gbàgbé orin tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́. Lọ́la, á gbàgbé oríkì rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń bi àwọn ọmọṣẹ́ pé ta ni ìyá arúgbó tó ń wo òun báyìí.

Oòrùn wá kan etí gíláàsì. Àwọn àlejò di ẹrù, Morẹ́nikẹ́ sì ń bá wọn lọ, kò kúkú mọ ẹni kankan níbẹ̀. Fọyèkẹ́ bu ìpín omi tirẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí kì í gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àgbà láìkúnlẹ̀, ìdúró ló wà, ọwọ́ òsì ló fi gbà á.

Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ rìn jìn, ọ̀fun Adéṣẹ̀yẹ sì ti gbẹ. Ó nawọ́, ó ní kó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún òun.

Morẹ́nikẹ́ wò ó. “Tèmi ni,” ló wí, ó sì mu ún tán.

Adéṣẹ̀yẹ bojú wẹ̀yìn wo Fọyèkẹ́. Ilẹ̀ ti mọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn, wọ́n lọ.