Ìbọn Ìléwọ́ Nínú Oko Kòkó

Bísọ́dún ti gbé ìbọn kejì sójú. Ó di ojú kan, ó ń fi èkejì wo igi ọsàn tó wà lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ, ni alágbẹ̀dẹ bá ní kó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Tíṣà, eléyìí kì í ṣe ìbọn yín. Kí ẹ tó ki ẹ̀tù bọ ṣakabùlà tán, àwọn ajínigbé á ti gbé yín dé Kogí."

Ìbọn mẹ́ta ló wà lórí àpò ìdọ̀họ kan nílẹ̀ àgbẹ̀dẹ. Àkọ́kọ́ gùn, ó ní ẹnu méjì. Èkejì ni ṣakabùlà. Ẹ̀kẹta kéré, ìbọn ìléwọ́ ni, alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ ló rọ ọ́. Òun ló yìn jù. Ó ní ó ń wọ àpò ṣòkòtò, ẹni tó bá rí Bísọ́dún lójú ọ̀nà oko kò ní mọ̀ pé ó gbé nǹkan kan dání.

A kò ní dárúkọ abúlé náà.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Bísọ́dún. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Oko kòkó baba rẹ̀ wà nínú igbó, ìrìn wákàtí kan sí ìlú Oǹdó. Oko náà ni baba rẹ̀ fi rán an níwèé. Lóṣù kẹjọ, àwọn ajínigbé wọ igbó yẹn. Wọ́n gbé ènìyàn mẹ́ta. Méjì padà. Ẹnì kẹta, ọkọ Olúwakẹ́mi, tí òun àti Bísọ́dún jọ pààlà, kò padà.

Leah, ìyàwó Bísọ́dún, bẹ̀ ẹ́ pé kó fi oko sílẹ̀. Bísọ́dún ní bí òun bá fi í sílẹ̀, igbó á gbà á, àwọn ajínigbé á sì gbà á lọ́wọ́ igbó.

Bísọ́dún kò mú ìbọn kankan lọ́jọ́ tó lọ sí àgbẹ̀dẹ náà. Ó wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ Ayọ̀kúnlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, tó ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọdún márùndínlógójì. Adìẹ ló ń sìn báyìí. Bísọ́dún ròyìn ìbọn alágbẹ̀dẹ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Ayọ̀kúnlé ń da oúnjẹ fún adìẹ. Ó dà á tán kó tó dáhùn.

"Ta ló fún ọ níwèé àṣẹ?"

"Kò tíì sí."

"Kí lo wá ń bi mí? Ṣé o fẹ́ mọ irú ẹ̀wọ̀n tó dára jù ni?"

Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe ohun tí òfin gbà kí àgbẹ̀ máa gbé kiri. Ó ní ìbọn tí wọ́n rọ ní ìkọ̀kọ̀, ẹni tó rọ ọ́ pàápàá kò mọ ibi tí ọta rẹ̀ yóò bá, òmíràn sì ń fọ́ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má ní ìbọn, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kó kọ́kọ́ lọ. Kó béèrè èyí tí òfin gbà, kó kọ̀wé, kí wọ́n wádìí rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un láṣẹ, kó rà á níbi tí òfin mọ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kó sì máa tì í mọ́lé.

Bísọ́dún ní ìwé àṣẹ á pẹ́, ajínigbé kò sì ní dúró de ìwé. Ayọ̀kúnlé ní òótọ́ ni. Ó wá béèrè bóyá àwọn àgbẹ̀ ṣì ń ké ní ààlà kí wọ́n tó wọ oko ara wọn.

Ní oko wọn, ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé wọ oko ẹlòmíràn. Bó bá dé ààlà, á dúró, á ké pé, "Ẹ kú oko o!" Bí ẹni tó wà nínú oko bá dáhùn, á wọlé. Ọmọdé kì í kọjá ọdún márùn-ún kó tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ajínigbé náà ké lóṣù kẹjọ. Ọkọ Olúwakẹ́mi dáhùn, wọ́n sì tẹ̀lé ohùn rẹ̀ dé ìdí igi tó wà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àgbẹ̀ pàdé nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má ké mọ́. Kí oníkálukú máa yọ́ rìn.

"Báwo lo ṣe máa mọ ẹni tó ń bọ̀?" ni Ayọ̀kúnlé wí.

"Ẹni tí mi ò bá retí, ọ̀tá ni."

"Ta ló mọ̀ pé o fẹ́ gbé ìbọn?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Gbémiga ńkọ́?"

"Ẹnu Gbémiga kò nílẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n."

Gbémiga ni wọ́n jọ ń ṣe àáró. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí àwọn méjèèjì ti ń ṣe oko ara wọn, ọ̀sẹ̀ kan ti Bísọ́dún, ọ̀sẹ̀ kan ti Gbémiga. Gbémiga a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń di àdá mú bí ẹni di ẹfun ìkọ̀wé mú.

Ayọ̀kúnlé wò ó.

"Ìwọ di ìbọn mú, àwọn tí ẹ jọ ń ṣe oko ò mọ̀. Àwọn ń yọ́ rìn bọ̀, o ò mọ̀. Bísọ́dún, o ò nílò ajínigbé mọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pa ara yín."

Ó rọ̀ ọ́ pé kó lọ jókòó ti àwọn ènìyàn rẹ̀, kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò fi máa dá ara wọn mọ̀. Bísọ́dún ní òun gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó padà sí àgbẹ̀dẹ, ó mú ẹ̀kẹta, ìbọn ìléwọ́ náà.

Ìgbà kíkórè kòkó ni. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi àáró sí. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Bísọ́dún dá lọ já kòkó sílẹ̀. Gbémiga rántí pé òun ní ìsìnkú lọ́jọ́ kejì. Ó pe Bísọ́dún lórí fóònù, kò wọlé. Fóònù kì í wọ inú igbó yẹn. Ó bá yà láti oko tirẹ̀ láti sọ fún un. Ó dé ààlà. Kò ké. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ló ṣe.

Bísọ́dún gbọ́ tí ewé gbígbẹ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró kó dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dún. Ó yíjú, ó rí aṣọ láàárín igi kòkó, kò rí ojú. Ó fa ìbọn yọ lápò, ó yìn ín.

"Tíṣà, èmi ni."

Ohùn náà kò le. Bísọ́dún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbémiga ni, ikùn ni ọta ti bá a. Ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ, ó gbé e jáde. Gbémiga béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bísọ́dún ń yára rìn lọ. Ní ojú títì, ọlọ́kadà kan gbé wọn. Gbémiga kú kí wọ́n tó wọ Oǹdó.

Bísọ́dún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n béèrè ìwé ìbọn. Kò ní. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà títí di òní, ẹjọ́ kò tíì parí. Leah lọ kí ìyàwó Gbémiga. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

Ajínigbé kankan kò dé oko Bísọ́dún lọ́dún náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe oko nínú igbó, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ẹ má ra ìbọn tí wọ́n rọ ní ìkọ̀kọ̀, bó ti wù kó kéré tó, bó ti wù kó ṣeé fi pamọ́ tó. Bí ẹ bá rò pé ẹ kò lè ṣe láìsí ìbọn, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín láṣẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀. Ẹ má yin ìbọn sí ohun tí ẹ kò rí ojú rẹ̀.

Ẹ má dá lọ sóko. Ẹ máa lọ pọ̀, ẹ máa bọ̀ pọ̀. Ẹ sọ wákàtí tí ẹ máa lọ àti ìgbà tí ẹ máa dé fún ará ilé. Bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ àjèjì, ẹ sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ agbègbè yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá sì pa àṣà kan tì nítorí ìbẹ̀rù, ẹ fi òmíràn dípò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

A kò sọ pé èyí yóò lé ajínigbé lọ. Wọ́n ṣì wà. Ṣùgbọ́n ìbọn ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló ń bá.

Oko mọ́kànlá ni wọ́n ń ṣe ní apá igbó yẹn tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta ló kù.