Yàrá Tí Wọ́n Ti Ń Gé Káábọ́ọ̀nù

Ọjọ́ tí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà kọ́kọ́ rí Onígò, ọkùnrin náà gbé ìgò tuntun wọlé, ó kọjú sí ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá ògiri, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi." Lẹ́yìn náà ló tó wá kí obìnrin náà alára. Kò sì sẹ́ni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà.

Onígò ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, torí òun ló ń fi iná àti èémí fẹ́ ìgò fún ilé-iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ obìnrin náà ní tirẹ̀ ni kó máa gé káábọ́ọ̀nù kúrú: àwọn ọ̀pá oníhò bí igi ewé ìbẹ́pẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ju ìyẹ̀fun dúdú lọ. Wọ́n gùn jù, wọ́n sì máa ń lọ́ mọ́ra. Ásíìdì inú ìgò ló fi ń gé wọn, nínú ẹ̀rọ ẹ̀bá ògiri yẹn, tó ń mi ìgò nínú omi gbígbóná. Bí kò bá tètè dà wọ́n sínú omi tútù, ásíìdì á jẹ wọ́n tán.

Onígò sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, kí àìsàn tó mú un lọ, àti pé ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Obìnrin náà fi í rẹ́rìn-ín, títí ó fi fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kan, tí ẹ̀rọ ṣì ń kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Orí rẹ̀ wú. Síbẹ̀ kò sá, torí Onígò ń bọ̀ lọ́sàn-án.

Ìgò kan kì í tíì fọ́ tí ọkùnrin náà yóò fi gbé òmíràn dé.

"Ṣé èmi lẹ fẹ́ kó sínú gbogbo ìgò yìí ni?" obìnrin náà bi í.

"Tí o bá gbà, olólùfẹ́ mi."

Ó gbà láti fẹ́ ẹ. Ìfẹ́ ọkùnrin náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìyá Onígò ló fárígá. Ó ní yàrá yẹn ti gba ọmọ kan lọ́wọ́ òun. Kí obìnrin náà fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tàbí kó fi ọmọ òun sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ obìnrin náà fẹ́ràn iṣẹ́ náà bí ojú. Onígò bẹ màmá rẹ̀ kó wá fojú ara rẹ̀ wo yàrá náà.

Wọ́n jọ dé nígbà tí ásíìdì ń hó lọ́wọ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí màmá. Bó ti ń dìde láti lọ gbé ìgò kúrò nínú ẹ̀rọ, orin kan dún láti inú rẹ̀. Màmá gbá a lọ́wọ́ mú.

"Orin tí mo fi ń rẹ ọmọ mi tó lọ nìyẹn," ó ní, ó sì ń gbè é.

Obìnrin náà ń wo ìgò. Àsìkò ń lọ. Kò já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

Nígbà tí orin dákẹ́, dúdú inú ìgò ti pòórá. Iṣẹ́ oṣù mélòó kan ti bá ásíìdì lọ.

Màmá rí ìgò náà. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé iṣẹ́ rẹ ń bàjẹ́?"

"Ẹ ò tíì kí ọmọ yín tán, Mà."

Màmá fa ọwọ́ obìnrin náà lé Onígò lọ́wọ́.

"Ìyàwó mi nìyí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ èmi, má gbà."