Ife Inal Lẹ́nu Ihò

Ṣé ẹ ti gbọ́ kí tẹlifóònù dún rí, nígbà tí wọ́n ti ká wáyà rẹ̀ jọ sílẹ̀, tí kò so mọ́ ohunkóhun? Gunda gbọ́ ọ. Lórí òkè Arabika ni, ọ̀sán gangan. Irọ́ kọ́. Mo fi ọwọ́ mi kan wáyà náà.

Gunda ló ń dáná fún àwọn tó ń wọ ihò tó jìn jù láyé. Inal, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nínú wọn. Òfin wọn kò pọ̀. Bí o bá ń wọlẹ̀, fi ife rẹ kọ́ ìṣó lẹ́nu ihò. Bí o bá jáde, mú un. Bí ife kan bá ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa okùn tí wọ́n fi ń gùn, tàbí kó ká wáyà tẹlifóònù tó wọ inú ihò lọ.

Lọ́jọ́ kẹfà tí wọ́n wọlẹ̀, òjò ṣú, ó sì rọ̀ gidigidi. Batal àti Daur, àwọn tó bá Inal wọlẹ̀, gùn jáde. Inal ti yà sí ẹ̀ka kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ní òun fẹ́ wọn ọ̀nà. Ife méjì péré, tiwọn, ni wọ́n bá lórí ìṣó.

"Ó ti ṣáájú wa," ni Daur wí. "Oúnjẹ ìyá rẹ̀ ló ń sáré lọ jẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa okùn, wọ́n ká wáyà, wọ́n wọ àgọ́ tó wà nítòsí.

"Inal dà?" ni Gunda bi wọ́n.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Àwọn àti Gunda sáré padà. Omi ti kún ihò náà dé ẹnu. Ó dúdú. Kò mira.

"Batal, ìwọ lo mú ife yẹn!" ni Daur kígbe.

"Ṣé orí rẹ pé? Ṣebí inú ihò la jọ wà!" Batal yíjú sí Gunda. "Màmá, ṣé ẹnikẹ́ni wá síbí?"

"Darandaran kan, lọ́jọ́ kẹrin. Mo fún un ní wàrà kíkan. Ó mu ún, ó lọ."

"Òun ló jí i!" ni Batal kígbe.

Gunda na ọwọ́ sókè. "Ẹni tó mú ife ọmọ mi, kó má sùn mọ́ láyé!"

Tẹlifóònù dún.

Wọ́n wo wáyà. Ó ká jọ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, omi ń kán ní ẹnu rẹ̀. Aago dún lẹ́ẹ̀kejì. Gunda gbé e. Omi ló kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, ohùn Inal, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Gbogbo ife tó wà lágọ̀ọ́ ló ti ṣẹ́ létí. Tèmi nìkan ló dára fún àlejò, àbí?"

Gunda wo abọ́ tó fi ń fọ àwo lẹ́nu àgọ́. Ó rí etí ife Inal nísàlẹ̀ omi.

"Inal, ọmọ mi, ta ló ṣe é?"

"Ìwọ ni, Gunda."